Ẹni Tó Wúkọ́ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Bàbá mi kò fẹ́ràn orin tí mo fẹ́ràn, kò sì fi pamọ́ fún mi. "Ariwo àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe" ló ń pè é. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé ariwo náà wọ ilé wa, nínú páálí, tó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ọjà France-au-revoir ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá Treichville ní Abidjan: rédíò, fáànù, áyọ́ọ̀nù, gbogbo ohun tí òyìnbó ti lò kù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá sí èbúté wa. Páálí kásẹ́ẹ̀tì máa ń wà láàárín irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì olórin tó lórúkọ. Àwọn ọmọ kan ló jókòó sí yàrá wọn, tí wọ́n kọrin, tí wọ́n gbà á sílẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n fi bébà fọ́tòkọ́pì bo ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ ra ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà bàbá mi ń tà á bí òfìfo. Àwọn ará ìlú wa tó wà ní Abidjan ló ń rà á, torí ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sílé nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo ilé á jókòó yí rédíò ká. Baálé á sọ tirẹ̀, ìyàwó á sọ tirẹ̀, wọ́n á fa àwọn ọmọ wá síwájú láti kí ìyá àgbà tí wọn kò rí rí, ẹni tó bá ń lọ sí Nàìjíríà á sì mú kásẹ́ẹ̀tì náà dání.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi bébà dí àwọn ihò kéékèèké tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì kó lè gba ohùn tuntun, kí n sì gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá téèpù inú rẹ̀ já. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń gbọ́ orin tí ẹnikẹ́ni ní Treichville kò gbọ́. Orin zouglou ló ń dún láti ilé ọtí kan dé èkejì ní àdúgbò wa, Màmá mi sì ní wákà tirẹ̀ nínú yàrá. Èmi jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ohun àfisétí, mò ń gbọ́ ọmọbìnrin kan tó ń ta gìtá tí okùn rẹ̀ kò bára mu.

Èdè tí wọ́n fi ń kọrin kò yé mi, kò sì dùn mí pé kò yé mi. Yàrá tí wọ́n wà ni mò ń gbọ́. Nínú orin àwọn gbajúmọ̀, wọ́n ti fọ ohun gbogbo mọ́, bí ẹni fọ ìrẹsì. Nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, àga á dún, ajá á gbó níta, ẹnìkan á ṣílẹ̀kùn, olórin á dákẹ́, á rẹ́rìn-ín, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó yọ ìyẹn kúrò. Mo máa ń mọ bí yàrá ṣe tóbi tó, mo máa ń mọ̀ bí òjò bá ń rọ̀ níbẹ̀. Ilé wa kún fọ́fọ́ ní gbogbo ìgbà, a kò ní yàrá tí ènìyàn lè ti ara rẹ̀ mọ́, nítorí náà mo ń yá yàrá àwọn ẹlòmíràn gbé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó di pé wọ́n fi "ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ilé" tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀kan wà tí n kò fẹ́ kí wọ́n tà. Ọmọbìnrin kan ló wà lójú kìíní, ó ń kọrin bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará yàrá kejì. Ojú kejì jẹ́ ti àwọn ọmọkùnrin tó ń pariwo bí ẹni pé wọ́n ń lé olè lọ, gìtá ń ya, ìlù ń sáré ju olórin lọ. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun igun rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé tèmi ni. Bàbá mi rí kútẹ́ẹ̀sì náà, ó ní ó rẹwà, ó sì sọ ọ́ sínú páálí tó ń gbé lọ sí Bouaké, ìlú ńlá kan lápá òkè. Mo bá a jà. Ó ní, "Ṣé torí ariwo yìí lo fi ń dá mi lóhùn?" N kò dárí jì í.

Ọdún 2002 nìyẹn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ lọ. Ará ìlú kan náà ni wọ́n, rédíò ni àwọn méjèèjì ń tà, wọ́n sì ti jọ ń gbé ọjà lọ sí Bouaké láti kékeré mi. Niangon, lódìkejì Abidjan, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Tantie. Ìdílé onígbàgbọ́ láti Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin ni Tantie ti wá. Akọ̀wé àwọn Faransé ni bàbá rẹ̀ àgbà, òun náà sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Màmá mi fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ó ní bí Tantie bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Àjàṣẹ́, Paris ló máa ń parí sí.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé Bouaké ni ìbọn dún. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, orílẹ̀-èdè ti pín sí méjì, wọ́n wà lápá òkè, a wà lápá ìsàlẹ̀. Ọ̀nà dí, tẹlifóònù wọn kò lọ mọ́.

Ní Abidjan, ojú tí wọ́n fi ń wo àjèjì yí padà. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Àwọn ọmọ àdúgbò fi táyà àti bẹ́ǹṣì dí ọ̀nà, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ń béèrè ìwé, wọ́n ń fetí sí bí o ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Èmi tí wọ́n bí sí Treichville, tó jẹ́ pé Faransé ni mo fi ń lálàá, mo wá ń ka orúkọ ara mi lórí káàdì kí n tó jáde bí ẹni pé wọ́n lè ti yí i padà. Màmá mi kò jókòó síta mọ́. Ó ń lọ sí ibùdó àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní àárọ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà, ó ń padà wá lọ́wọ́ òfo. A kò mọ̀ bóyá bàbá mi wà láàyè. N kò mọ ọ̀nà mìíràn láti sọ ọ́. Ohun tó wà nínú oúnjẹ wa nìyẹn, òun náà ló wà nínú oorun wa.

Ọ̀yẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀ nígbà tí dírẹ́bà kan dé ṣọ́ọ̀bù. Ará Júlà láti apá òkè ni, ó wọ fìlà onírun, ó kí wa dáadáa, ó sì yọ ọ̀rá dúdú kan nínú ẹ̀wù rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì pupa wà ní igun rẹ̀.

Màmá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta ló fún ẹ?"

Dírẹ́bà náà fi Faransé tó lú mọ́ Júlà ṣàlàyé pé òun kọ́ ló gbà á ní Bouaké. Dírẹ́bà mìíràn ló fún òun níbi tí wọ́n ti ń pàrọ̀ ẹrù, ó ní ará Nàìjíríà tó ń ta rédíò ló ni í, kí òun fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Treichville.

"Ṣé èyí tó ga ni àbí èyí tó sanra?"

"Walaï, màmá, mi ò fojú rí i."

Màmá mi ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀sán gangan, ohun tí n kò rí i ṣe rí.

Ẹsẹ̀ ti pé nínú ilé wa kí a tó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò. Àgbàlá tí àwọn ará ìlú wa ń gbé ni, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó dé etí gbogbo ènìyàn. Bàbá Àgbà, tó dàgbà jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ wá sí Abidjan nínú ìlú wa, ni wọ́n fún ní àga. Màmá mi jókòó sílẹ̀, ó kó ọwọ́ sórí itan. Mo tẹ rédíò.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá.

A dúró. Ó kọ orin kìíní tán, ó kọ ìkejì. Ojú Màmá mi kò kúrò lára rédíò. Ó ní kí n sáré yí i lọ síwájú, mo ní rárá, rédíò yìí máa ń jẹ téèpù bí a bá kán an lójú, bó bá sì jẹ ẹ́, ó parí nìyẹn. Ó ní "Ó dáa," pẹ̀lú ohùn tí kò dáa. A wá ń gbọ́ ọ bó ṣe wà. Ní àárín orin kọ̀ọ̀kan, nígbà tí gìtá bá dákẹ́, gbogbo yàrá á di ìmí mú pé ó tó àkókò, bàbá mi á sọ̀rọ̀ wàyí. Ọmọbìnrin náà á tún bẹ̀rẹ̀. Láyé mi n kò kórìíra ẹnikẹ́ni bí mo ti kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo yí i sí ojú kejì. Àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹnìkan nínú àwọn obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ pé "Yéè, kí lèyí?" wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. Wọ́n pariwo títí, wọ́n pariwo tán, téèpù dé òpin, rédíò dún kọ́. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ níbì kankan.

Bàbá Àgbà tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ọkùnrin tó bá wà láàyè, tó ní kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, tó mọ ilé rẹ̀, kò ní ṣàì sọ̀rọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká fi ojú àgbà wò ó. Wọ́n fi ohun tí kò ní ohùn ránṣẹ́ sí wa. Àrokò ni. Ẹni tó rán an kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún opó."

Ó pe Màmá mi ní opó báyẹn, bí ẹni bu omi mu.

Kò sí ẹni tó ta kò ó. Bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn láti ayé àtijọ́, ẹni tó bá gba òfìfo igbá mọ̀ pé ìròyìn ti dé. Màmá mi gbé ọwọ́ sókè, ó yọ yẹtí kan, ó yọ èkejì, ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò wọ́n. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo ní, "Bàbá, kò ṣófo. Orin wà nínú rẹ̀."

"Ṣé ìyẹn lò ń pè lórin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí ìbànújẹ́ ti kó sí lórí. Màmá mi ní kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pa yẹtí náà mọ́ sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ará Nàìjíríà tó ń ta rédíò ni wọ́n wí. Àwọn méjèèjì ló ń ta rédíò. Pe Tantie wá."

Tantie dé ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sán. Láti Niangon dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n dá wôrô-wôrô, takisí tó wọ̀, dúró ní barrage mélòó kan, níbi tí àwọn ọmọ ti dí ọ̀nà. Ó ní ọmọkùnrin kan ní kí òun sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́ bí òun ṣe ń sọ ọ́, òun sì fi Faransé bá a wí bí ẹni bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí, títí tí ọmọ náà fi ní "Pardon, Tantie." Ó ń sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n kò gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ tètè padà kí kónílé-ó-gbélé tó bá òun lọ́nà.

A tún tẹ rédíò. Èmi, Màmá mi àti Tantie nìkan ni, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ojú kìíní lọ tán láìsí nǹkankan. Ní ojú kejì, níbi tí àwọn ọmọkùnrin náà ti ń pariwo jù, ìlù dákẹ́ lójijì, gìtá nìkan ló kù fún ìgbà díẹ̀. Níbẹ̀, ẹnìkan wúkọ́. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ìlù sì bò ó mọ́lẹ̀.

Tantie dìde dúró. "Ça là, c'est lui. Ọkọ mi nìyẹn."

"Níbo?" ni Màmá mi wí, ṣùgbọ́n òun náà ti gbọ́ ọ, mo rí i lójú rẹ̀.

Mo yí téèpù náà padà sẹ́yìn pẹ̀lú báírò, díẹ̀díẹ̀, kí rédíò má baà jẹ ẹ́. Ó tún wúkọ́.

"Ọkọ mi ni," Màmá mi wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ìyàwó wa, má bínú. Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe tiyín. Ọkọ mi máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀ ni, eruku inú rédíò ló ń ṣe é."

"Ta ni eruku rédíò kì í ṣe nínú wọn? Ṣé tìrẹ nìkan ló ń tú rédíò ni?"

"Je le connais, Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ ọkọ mi."

"Èmi kò mọ tèmi?"

N kò rí irú rẹ̀ rí láàárín wọn. Àwọn obìnrin tó jọ máa ń jẹun nínú abọ́ kan, wọ́n wá dúró síwájú rédíò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ gba ikọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ èkejì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń jà sí, ó sì ń dẹ́rù bà mí: ikọ́ náà ni ẹni tó wà láàyè. Ẹni tó bá gbà á ní ọkọ. Ẹni tí kò bá rí i gbà, ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà ló kù fún un.

Wọ́n wá yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìwọ tó máa ń gbọ́ nǹkan yìí tọ̀sán-tòru," ni Màmá mi wí. "Gbọ́ ọ. Sọ fún wa ta ni."

"Màmá, mi ò lè..."

"Gbọ́ ọ."

Mo fi ohun àfisétí sétí. Níta, ẹnìkan ti ń kó àga wọlé, torí ọjọ́ ti ń lọ. Tantie kò ní pẹ́ lọ, bó bá sì lọ báyìí pẹ̀lú ìbínú yìí, n kò mọ ohun tí yóò kù láàárín wa. Mo yí i padà síbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀, mo pa ojú dé, mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fi orin sílẹ̀, mo ń wá yàrá.

Yàrá náà ti yí padà. Mo mọ kásẹ́ẹ̀tì yìí bí mo ti mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Yàrá tóóró ni àwọn ọmọkùnrin náà ti kọ ọ́, ohùn wọn máa ń kọlu ògiri. Báyìí wọ́n wà lọ́nà jíjìn, ariwo wọn ti di ti inú rédíò kékeré kan, rédíò náà sì wà nínú yàrá mìíràn, yàrá tó gbòòrò, tí fèrèsé rẹ̀ ṣí. Adìẹ wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń kọjá lọ níta, ó ń polówó dẹ̀gẹ̀, wàrà tí wọ́n po mọ́ ọkà, ní èdè Júlà. Kò sí ẹni tó ń ta dẹ̀gẹ̀ nílùú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ẹnìkan ti da orin mi sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó lù ú nínú rédíò kan, ó sì ti fi rédíò mìíràn gbà á padà sínú kásẹ́ẹ̀tì kútẹ́ẹ̀sì yìí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà láyìíká rẹ̀. Kì í ṣe òfìfo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Yàrá tí wọ́n jókòó sí ni.

Mo sọ ìyẹn fún wọn láìṣí ojú. Tantie ní, "Et alors? Ta ló wúkọ́?"

Ikọ́ náà kọjá. N kò mọ ẹni tó ni í. Mo yí i padà, ó tún kọjá, n kò mọ̀ ọ́n. Kí n sọ òótọ́, ó ṣe mí bíi kí n sọ pé bàbá mi ni, kí n lè rí Màmá mi tó ń fi yẹtí rẹ̀ padà sétí. Mo tún yí i. Ní ìgbà yìí n kò fetí sí ikọ́ náà rárá, mo fetí sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ìlù ti wọlé tó bo ohun gbogbo. Nǹkan kan wà lábẹ́ ìlù náà. Ó kúrú, ó rọra jáde, kò sí nínú orin.

Mo ṣí ojú. Mo ní, "Ẹnìkan kí i."

"Kí ta?"

"Ẹni tó wúkọ́. Ẹnìkan sọ fún un pé pẹ̀lẹ́."

Wọ́n wò mí. Mo yọ ohun àfisétí, mo fi apá kan sétí Màmá mi, mo fi èkejì sétí Tantie. Okùn rẹ̀ kò gùn, nítorí náà wọ́n ní láti fi orí kan orí. Mo tẹ rédíò, mo ń ka orin náà lọ nínú ọkàn mi, mo sì mọ ìgbà tí wọ́n dé ibi ikọ́ torí ìka Màmá mi rọ̀ mọ́ apá Tantie. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ èyí tó kù. Mo rí i lójú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sí ẹni tó tún béèrè èwo ni ta. Àwọn méjì ló wà nínú yàrá náà, ọ̀kan wúkọ́, èkejì sì kí i bí a ti ń kí ènìyàn nílé. Tantie bú sẹ́kún, ó ń sọ pé "Pardon, Ẹ̀gbọ́n, pardon," Màmá mi sì ń sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe. Kónílé-ó-gbélé bá a lọ́dọ̀ wa, ó sùn sórí ẹní Màmá mi. Ní àárọ̀, Màmá mi fi yẹtí sétí kó tó jáde lọ bọ́jú, kí Bàbá Àgbà lè rí i.

Láti ọjọ́ náà, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ń rìn láàárín Treichville àti Niangon. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ. Mo máa ń fi í sínú ìbọ̀sẹ̀, ọkàn mi máa ń gbé sókè ní gbogbo barrage, torí bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni mo máa sọ fún wọn? Màmá mi, tó ń pè é ní wèrè, wá mọ orin àwọn ọmọkùnrin náà débi pé ó ń fi ìka lu tábìlì kí ìlù tó wọlé. Ó ń dúró de ikọ́ náà ni. Bí ó bá dé, òun náà á dáhùn sókè pé "Pẹ̀lẹ́ o," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òjò ńlá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣí díẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan já bàbá mi sílẹ̀ ní ìkòríta wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti rù. Ó dá nìkan sọ̀kalẹ̀. Màmá mi sáré pàdé rẹ̀, ó di í mú, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, èmi náà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń lọ.

Ó jókòó sí yàrá wa, ó kọ omi tí mo gbé fún un. Ó ní, "Ẹ pe ìyàwó wa láti Niangon. N kò ní fi nǹkankan kan ẹnu kó tó dé."

Màmá mi pè é. "Máa bọ̀" nìkan ló lè sọ. Nígbà tí a ń retí rẹ̀, bàbá mi béèrè bóyá kásẹ́ẹ̀tì dé ọwọ́ wa. Ó sọ fún wa pé kò sí dírẹ́bà tó gbà láti gbé kásẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ti sọ̀rọ̀ sí, torí àwọn ọmọ ogun ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, èdè tí wọn kò bá sì gbọ́, wọ́n á ní ti ọ̀tá ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí mo ti sọ fún un rí pé yàrá ni mò ń gbọ́, ló ní kí wọ́n fi orin ọmọ tó máa ń gbọ́ yàrá yẹn ránṣẹ́, kí àwọn jókòó tì í, kí ẹnikẹ́ni má la ẹnu. "Ó ní ìwọ á mọ̀." Wọ́n dákẹ́ títí, ara wọn balẹ̀. Ìgbà tí ikọ́ wá gbé e, bàbá mi kò mọ ìgbà tí pẹ̀lẹ́ já bọ́ lẹ́nu òun. "Ó na ìka sí mi," ni bàbá mi wí, "ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní mo ti ba iṣẹ́ jẹ́."

Tantie wọlé. Ó wọ ìró rẹ̀ tó dára, ó gbé kúlà attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, àti ẹja díndín dání, irú èyí tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn. Ó rí bàbá mi. Ó wo àga kejì, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá, ó wo Màmá mi. Ó rọra gbé oúnjẹ náà sílẹ̀.

Bàbá Àgbà, tí wọ́n ti pè wá, bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe. Tantie ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná." Ó kọjú sí bàbá mi.

"Ṣé òun ló wúkọ́?"

"Òun ni. Ikọ́ náà ni kò lọ mọ́. A kò rí oògùn."

Tantie mi orí. Ó yíjú sí Màmá mi, ó ní, "Mo sọ fún yín, Ẹ̀gbọ́n."

"O sọ ọ́," ni Màmá mi wí, omi sì dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin sì lẹ kí i," ó wí fún bàbá mi.

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ kí i títí dé òpin?"

"Títí dé òpin. Kò sí èyí tí n kò kí i."

Tantie kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi. Faransé kankan kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, tí ẹ kò jẹ́ kó dá wúkọ́." Màmá mi kúnlẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ gbá a mọ́ra, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí.